Délégé Gbọ́ Nàìjíríà Nínú Rédíò Wa

Mò ń sọ èyí kí wọ́n bá mi kọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé àwa mẹ́ta la ń ṣe rédíò tuntun ní àdúgbò Dowa. Èmi ni mò ń kan àpótí rẹ̀. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń gbé mi dìde láàárọ̀.

Lónìí, délégé, aṣojú tí ìjọba ológun rán, wá wò ó, bóyá wọ́n á rà á fún àwọn abúlé. Ràímì ọ̀gá wa tan rédíò náà. Dípò rédíò ìjọba láti Kùtọnù, ìròyìn Nàìjíríà ló bú jáde.

Aládùúgbò wa tí wọ́n mú nítorí pé ó gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò tíì padà wálé.

Délégé ní, "Bàbá, ṣé ohun tí ẹ ń gbọ́ níbí nìyẹn?"

Mo ní, "Àpótí ni mo kàn, kamarádì. Kì í ṣe èmi ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ bá mi ṣe ọ̀kan tó ń mú Nàìjíríà dáadáa. Màá wá gbà á lọ́la."

Ràímì ní oníbàárà wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi ní pàkúté ni. Tí a bá fún un, ẹ̀rí ló gbà lọ́wọ́ wa. Tí a ò bá fún un, ó ti mọ ilé wa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú àwọn délégé wọ̀nyí, ṣé kí n kan àpótí náà?