Wáyà Ọrùn Ajá Wa

Dókítà ẹran kìlọ̀ fún ọmọbìnrin mi lọ́sẹ̀ yìí pé ọmọ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ṣì kéré fún nǹkan ìdámọ̀ tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ sí abẹ́ awọ ẹran, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó ní ojú ibẹ̀ lè wú, nǹkan náà sì lè rìn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Ọmọ mi ń fi ṣẹ̀rín lórí fóònù. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Òórùn egbò ló wọ imú mi, òórùn ẹ̀yìnkùlé wa ní àdúgbò Akron, ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, tí gbogbo wa sì ń pe ara wa ní kámárádì.

Nígbà náà, ajá tí kò bá ní àmì ìjọba, pípa ni. Òṣìṣẹ́ kan ń jókòó ní ọjà Ouando, ó ń fi wáyà so páànù pẹlẹbẹ mọ́ ajá lọ́rùn, á sì fi òjé dí ojú wáyà náà kí ẹnikẹ́ni má bàa tú u. Ọmọ mi yìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iléèwé nígbà náà, gbé ọmọ ajá rẹ̀ mọ́ àyà bí ìkókó. Mo bi ọkùnrin náà bóyá kò kéré jù.

Ó ní, “Màmá, àmì ló ń dá ẹ̀mí sí.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a délé, ìyá ọkọ mi wo ajá náà, ó ní kámárádì tuntun ti dé, ó ti gba àmì ṣáájú gbogbo wa.

Ajá ń dàgbà, wáyà kò dàgbà. Nígbà tí mo fọwọ́ wá a lọ́rùn rẹ̀, awọ ti bò ó, omi egbò ló bá ọwọ́ mi. Mo mú ẹ̀mú láti gé wáyà náà. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́, di ọwọ́ mi mú. Ó ní ẹni tó bá já òjé ìjọba yóò jẹ́jọ́ ní ìpàdé àdúgbò, ajá tí a bá sì tú, wọn á pa á lójú ọmọ. Kí a dúró de òṣìṣẹ́ náà. A lọ sí Ouando, a tún lọ. Àga rẹ̀ ṣófo. Kí ọkọ mi tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹ̀mú, ajá kò lè gbé omi mì mọ́. Abẹ́ igi ọsàn ló kú sí kí wáyà tó já, páànù náà ṣì ń dán lọ́rùn rẹ̀.

Ọmọ mi bi mí pé, “Ìyá, ṣé wọn ò ní pa á mọ́?”

Mo ní wọn ò ní pa á mọ́.

Láti ìgbà náà, n kò gbà mọ́ pé àmì kan lè ṣọ́ ohun tí a fẹ́ràn. Ọmọ mi ní òun kò rántí. Èmi ni mò ń rántí fún àwa méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi ohunkóhun sí ara ọmọ ẹran, ẹ bi dókítà bóyá ó ti dàgbà tó. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fọwọ́ kan ibẹ̀.