Kaolin Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Títí dòní, mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ kaolin yẹn.

Oyún àkọ́bí mi ni mo ní nígbà náà, ní Anoumabo, àdúgbò kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Àwọn aláboyún ibẹ̀ a máa jẹ kaolin, amọ̀ funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà Adjamé Roxy. Èmi ò lè jẹ ẹ́ lófìfo, oníyọ̀ ni mo máa ń rà, inú agbọ̀n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo sì ń kó o sí.

Jórin-jórin ni ọkọ mi. Olùkọ́ kẹ́mísìrì kan, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gbé nítòsí wa, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi iná yọ epo ọkọ̀ lára àfọ́kù rọ́bà. Wọ́n á kó rọ́bà àti kaolin sínú àgbá irin, wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀. Oru tó bá gba páìpù jáde ló ń di epo. Kaolin ló ń ran iná lọ́wọ́ láti já rọ́bà náà dáadáa. Láìsí i, ohun tó ki bí ìda ni wọ́n á rí.

Onílé ti ní kí a gbé àgbá náà kúrò lágbàlá òun. Ọ̀gá kan ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wá ṣèlérí pé bí òun bá fojú ara òun rí epo náà, òun á wá ilẹ̀ fún wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ń bọ̀, kaolin ọkọ mi ti tán. Mo wà lọ́jà. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Nígbà tí mo dé, ohun tó jáde ti dì sínú abọ́ bí òrí. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Ça, c'est pas carburant," pé èyí kì í ṣe epo ọkọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ mi kọjú sí mi lójú gbogbo ará ilé: "Kaolin rẹ ló ba iṣẹ́ mi jẹ́." Kaolin tó jí!

Olùkọ́ dé, ó fi ahọ́n kan èyí tó kù. "Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Iyọ̀ ló pa agbára ẹ̀. Ẹ ò bi ìyàwó yín ni?"

Ọkọ mi ní, "Kaolin, c'est kaolin, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ṣé kí n tún máa bi obìnrin léèrè ohun tó ń jẹ ni?"

Òun yìí kan náà ló máa ń wí pé ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. A ò rí ilẹ̀ gbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé àgbá náà. Ó ti bi olùkọ́, ó ti bi ìwé. Ẹnu tó mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀, inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn, kò bi í.