Ìyálé, Wá Bá Mi Tẹ Bíréèkì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn tó ń ra irin àlòkù fẹ́ wá wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù Ìyálé lọ, ó tètè jí, ó fọ gíláàsì iwájú rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Òun nìkan ni ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ títí ó fi kú, síbẹ̀ "Ìyálé" ni bàbá náà ń pè é fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwàdà tí kò sú u. Bí obìnrin náà bá bi í pé, "Ìyàwó kékeré wá dà?", bàbá á fọwọ́ gbá bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ akẹ́rù wọn, á ní, "Òun rèé."

Ẹrù àwọn tó ń kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń fi kó: bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, dígí gbọọrọ tí Ìyálé máa ń gbé lé itan fúnra rẹ̀ torí pé kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ yìí ló rán ọmọ mẹ́ta níléèwé. Nígbà tí bàbá lọ, Ìyálé jókòó sídìí ọkọ̀, iṣẹ́ ń lọ.

Àfi bí jíà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bó bá tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á ké tantan, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan, á wá ta gìrì síwájú nígbà tó bá wù ú. Dáwódù rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. "Màmá, jíà ọtomátíìkì tó bá ti ń yọ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká tà á." Ó dun Ìyálé wọ egungun. Kí ló tún kù nínú ayé tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti kàn lójoojúmọ́? Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì kí àwọn onírin tó dé.

Mẹkáníìkì bi í bóyá ó ń yẹ ọ́ìlì jíà wò.

"Gbogbo ọjọ́ Ajé! Kí n tó sìtáàtì rárá. Ó sì máa ń kún dé àmì."

"Áà, Ìyá mi, ibẹ̀ gan-an ló ti rí yín mú. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọ́ìlì á ṣàn padà sísàlẹ̀, irin géèjì tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n á máa parọ́ fún yín. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, kó sì gbóná."

"Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ta ni ó wá bá mi tẹ bíréèkì?" Ìyálé fajúro. "Èmi ni mo máa ń bá bàbá wọn tẹ̀ ẹ́."

Mẹkáníìkì fi òkúta dí táyà, ó fa háńbíréèkì, ó sìtáàtì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ó tẹ bíréèkì, ó fa ọ̀pá jíà lọ, ó fà á bọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó yọ géèjì. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan lọ́ìlì kàn. Ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó ṣì pupa, kò rùn bí ohun tó jó. Inú jíà ò tíì bàjẹ́. Ó kàn ń jò ni." Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pààrọ̀ rọ́bà àwo ìsàlẹ̀ jíà tó ti gan àti asẹ́ inú rẹ̀, ó rọ ọ́ìlì tuntun. Ọkọ̀ gbéra wọ́ọ́rọ́. Dáwódù fúnra rẹ̀ ló pe àwọn onírin pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́.

Ṣùgbọ́n Ìyálé ṣì ń wo bíréèkì. "Ìwọ nìkan lo yẹ géèjì wò," ló wá sọ.

"Ẹnì kan ló ń ṣe é, Ìyá mi. Kí lẹ fẹ́ fi ẹnìkejì ṣe?"

Gbogbo ọjọ́ Ajé yẹn! Ìyálé á wà nídìí aṣọ tó ń fọ̀, ọṣẹ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá á ké pé, "Ìyálé, wá bá mi tẹ bíréèkì!" Á kùn wá, ẹ́ńjìnnì á ti máa ṣiṣẹ́, á jókòó, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bàbá á wà lẹ́yìn bónẹ́ẹ̀tì tó ṣí sókè, á máa nu géèjì, á máa rojọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Má mà gbẹ́sẹ̀ o, wàá pa mí!"

Ìyálé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òpùrọ́ ọkùnrin! Díẹ̀ ló kù kó fi irọ́ yìí pa ìyàwó kékeré."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó fi òkúta dí táyà, ó fa háńbíréèkì, ó yẹ ọ́ìlì wò bó ṣe yẹ. Ó kún dé àmì. Lẹ́yìn náà ló gòkè padà, ó jókòó, ó sì fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì fúngbà díẹ̀.