Irun tó Wà Lórí Àtẹ Ìyá Wa

Ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí adájọ́ tó máa gbọ́ ọ.

Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń bá Jámánì jagun, àṣẹ dé sí Ẹdẹ pé kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan wá. Èmi wà ní yunifásítì ní Sàró, mò ń kàwé nípa bí àwọn ará Róòmù ṣe ń to ọmọ ogun wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wà lóko wa ní Alájùẹ, ó ń kọ ebè. Òun ni baálé agbo ilé wa fà kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó fẹ́. Ohun tí baálé sọ fún ìyá wa ni pé, "Àbúrò rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ òyìnbó, ojú ilé yín ti là sí wọn." Ìwé tí mò ń kà ni wọ́n fi mú un.

Wọ́n ní ogun ni wọ́n ń mú un lọ, wọn kò sì fi ṣe ọmọ ogun. Aláàárù ni wọ́n fi ṣe. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe to ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà kò ní mọ bí ìwà yìí ṣe burú tó. Sójà dúdú wà lábẹ́ kọ́púrà, kọ́púrà wà lábẹ́ sájẹ́ńtì dúdú. Sájẹ́ńtì dúdú, ìbáà ti hewú sẹ́nu iṣẹ́, wà lábẹ́ sájẹ́ńtì òyìnbó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lánàá. Kápútẹ́nì ló wà lórí gbogbo wọn. Èdè Haúsá ni wọ́n fi ń pàṣẹ, ọmọ Ẹdẹ ìbáà gbọ́ ọ, ìbáà má gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n sójà ṣáà ní ẹni tí yóò pè é ní tòun. Aláàárù kò ní. Ọ́fíìsì mìíràn ló wà fún un, ọ̀gá mìíràn, oúnjẹ mìíràn. Ọta ìbọn sójà ló rù sórí, ẹ̀yìn sójà ló ń tọ̀, bó bá sì ṣubú lulẹ̀, kápútẹ́nì sójà á ní kì í ṣe èèyàn òun. Irin pẹlẹbẹ kan tó ní nọ́ńbà ni wọ́n so mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn, bí a ṣe ń so okùn mọ́ ewúrẹ́ tí a fẹ́ tà.

Ìyá wa kò bá ìjọba jà. Nǹkan kan péré ló bẹ̀bẹ̀ fún. Nílé tiwa, bí èèyàn bá kú sájò tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, a ó gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, a ó dì í sínú aṣọ funfun, a ó gbé e wálé, a ó sì sin ín bí ẹni sin òkú gan-an. Ẹ̀tà là ń pè é. Bí ẹ̀tà kò bá délé, ẹni náà kò kú, kò sì yè. Ìyàwó rẹ̀ kò lè ṣe opó, kò sì lè pe ara rẹ̀ ní abilékọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ agbo ilé Mùsùlùmí kan láàárín ìlú, tó wọṣẹ́ sójà ní tirẹ̀. Ìyá wa lọ bá a ní ibùdókọ̀ rélùwéè.

"Ọmọ mi, bó bá ṣẹlẹ̀ pé..."

"Ẹ má sọ ọ́, Ìyá. A ó jọ padà wá ni."

"Mo ní bó bá ṣẹlẹ̀. Irun rẹ̀ ni kó o bá mi gbé wá."

"Irun nìkan, Ìyá? Odidi rẹ̀ ni n ó pọ̀n wálé, tí á máa ráhùn lẹ́yìn mi pé n ò rọra rìn!"

Ẹ̀gbọ́n mi gbá a lórí, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ yìí kò béèrè bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀tà. Nílé tiwọn, ibi tí èèyàn bá kú sí ni wọ́n ń sin ín sí, wọ́n á ṣàdúà, ó tán. Ìyá wa náà kò ṣàlàyé fún un. Lójú tirẹ̀, ta ni kò mọ ẹ̀tà?

Nígbà tí ogun parí, èmi náà ti darí wálé. Ọ̀rẹ́ náà nìkan ló wọlé tọ̀ wá. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó sì sọ bó ṣe rí. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló mú ẹ̀gbọ́n mi ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí Jámánì ń ṣàkóso lọ́hùn-ún, ní ìlà oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù àwọn aláàárù. Òun gbọ́, ó tọrọ àyè láti lọ wò ó.

"Mo sọ fún kọ́púrà, kọ́púrà sọ fún sájẹ́ńtì. Sájẹ́ńtì ní, 'Ta ló kú?' Mo ní kò tíì kú. Ó ní kí n padà wá bó bá kú."

"Ṣé ó ń bá yín ṣeré ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Eré kẹ̀, àbúrò? Òfin ni. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ kápútẹ́nì, kápútẹ́nì ní aláàárù kì í ṣe ti òun, kí n lọ bá ọ̀gá wọn. Ọ̀gá wọn ní sójà kì í ṣe ti òun, kápútẹ́nì ló lè yọ̀ǹda mi. Wàhálà yẹn ni mò ń bá yí títí wọ́n fi sin ín."

Kòtò kan náà ni wọ́n kó òun àtàwọn mìíràn sí. Wọ́n ti fá orí gbogbo aláàárù tó wà níbẹ̀ nítorí iná orí. Irun wọn wà ní òkìtì lẹ́yìn ọsibítù, wọ́n fẹ́ sun ún. Nígbà tí wọ́n wá yọ̀ǹda ọ̀rẹ́ yìí láti lọ síbẹ̀, ó rántí ìlérí rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dì í sínú aṣọ.

Ìyá wa tú aṣọ náà. "Irun èèyàn mélòó nìyí?"

Ó wolẹ̀. "Gbogbo wa ló wà níbẹ̀, Ìyá. Ará Ìlọrin, ará Kánò, ará Ìbíbìò. N ò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀."

Ì bá ti purọ́. Bí ẹni ń jíṣẹ́ fún sájẹ́ńtì rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Àwọn àgbà ilé jókòó lé e lórí. Wọ́n ní àwọn kò lè sin ọmọ ẹlọ́mọ sínú ilé, kí ẹbí rẹ̀ máa wá a kiri. Baálé yíjú sí mi.

"Ọ̀mọ̀wé, gbogbo ìwé tó o kà yẹn, kò lè bá wa ṣa irun tiwa jáde?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kíkorò. Wọ́n wá ní ìyá tó bí i ló fọ orí náà láti kékeré. Èyí tó bá ṣà jáde, àwọn á sin ín.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn ológun ní Ìbàdàn láti béèrè ibi tí kòtò náà wà. Akọ̀wé dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ọ̀gá, sójà ni wọ́n ń sàmì sí ibojì rẹ̀. Aláàárù ti pọ̀ jù." Òyìnbó inú ọ́fíìsì ní wọ́n ti tú ẹ̀ka aláàárù ká nítorí ogun ti parí. Mo ní, ta ló wá ni ẹ̀gbọ́n mi báyìí? Ó wò mí títí, ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi dára gan-an, níbo ni mo ti kọ́ ọ?

Ìyá wa gbé àtẹ tó fi ń ta ata sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí oòrùn wà. Ó da irun náà sí àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ti ọmọ rẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún, ti ọmọ ẹlọ́mọ bọ́ sí òsì. Lójoojúmọ́ ni.

"Èyí ti funfun. Ọmọ mi ò hewú."

"Bóyá ibẹ̀ ló ti hewú, Ìyá. Ojú wọn rí nǹkan."

Ó wò mí. Ó mú gbogbo èyí tó ti kó sí òsì, ó dà á padà sí àárín.

Bí àwọn ará ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá wá béèrè pé ṣé opó ni ọmọ àwọn àbí abilékọ, ìyá wa á ní, "Ó kù díẹ̀." Ìyàwó náà dúró dúró, ó sú u, ó kó lọ bá ọkùnrin kan ní Sékọ̀nà láìṣe opó. Títí dòní ni àwọn ará Sékọ̀nà ń bú u pé ìyàwó oníyàwó ni. Ojú ìyá wa ń bàjẹ́ lọ. Nígbà tó yá, ìka ló fi ń mọ irun náà.

Lọ́jọ́ tí ìyá wa kú, àwọn obìnrin ilé wọlé láti wẹ̀ ẹ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin fẹ́ kí àyè wà nílẹ̀. Ó da ọ̀tún, òsì àti àárín pọ̀ sínú igbá kan, ó dé e. "Mo ti bá ọ kó nǹkan orí àtẹ yẹn o, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ," ló wí fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi sàréè, baálé sún mọ́ mi. Baálé kan náà ni.

"Ìyá rẹ rí i ṣà jáde kó tó lọ? Ká lè kúkú sin wọ́n pọ̀."

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Ó kù díẹ̀."