Ohùn Pélagie

Nígbà tí Pélagie ṣì ń gbọ́ rédíò lásán, kò sẹ́ni tó lè pa á lẹ́nu mọ́. Bó ti ń yan gàrí l'Idigny, bẹ́ẹ̀ ló ń dá rédíò lóhùn: "Irọ́ ni! Ta ló sọ fún ọ?" Bó bá sì ní ìkéde, àfi kó pe Clément, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò Kétu. Clément á bi í pé, "Ìyá Reine, ṣé ojú yín ló rí i, àbí wọ́n sọ fún yín?" Ìbéèrè yẹn a máa bí i nínú gan-an.

Fóònù oní-wasáàpù dé, Pélagie bọ́ lọ́wọ́ Clément. Òun náà di rédíò! Irínwó èèyàn ló wà nínú gúrúùpù rẹ̀, láti Idigny dé Kpankou. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á fi tiwọn kún un, wọ́n á tún fi ránṣẹ́. Òfófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ọpẹ́ ọ̀hún sì dùn mọ́ ọn ju ẹgbàá lọ.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ewúrẹ́ rẹ̀ méjì di àwátì. Agathe, aládùúgbò rẹ̀, ní sẹ́mijàn kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló gbé wọn lọ, nọ́ńbà ogójì ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Pélagie ò bi í ní nǹkan kan. Ó gbé fóònù sẹ́nu: "Ẹ̀yin ará, sẹ́mijàn nọ́ńbà ogójì, olè ni! Ẹ lù ú! Ẹ lù ú kí ìyá tó bí i má lè dá a mọ̀ mọ́!"

Ẹ gbọ́ ná. Ta ni ò mọ̀ níbí pé ẹ̀wù sẹ́mijàn kì í ṣe ti ẹnì kan? Ẹni tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀ lè fún ẹlòmíì lọ́sàn-án, tòun talùpùpù. Pélagie náà mọ̀, ìbínú ni kò jẹ́ kó rò ó. Rodrigue, sẹ́mijàn tó jí ewúrẹ́, ti bọ́ ẹ̀wù náà fún ẹlòmíì tipẹ́.

Kò pé wákàtí kan, fídíò wọlé. Wọ́n ti ká ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù nọ́ńbà ogójì mọ́ lẹ́bàá ọjà. Igi ń bọ̀, òkúta ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ẹnì kan fi ọmọ odó gbá a lórúnkún, egungun kán, ó dún ketekete. Wọ́n sì ti fi ohùn Pélagie sórí àwòrán náà: "Ẹ lù ú!" Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ká má purọ́. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe gbójú sókè. Firmin ni. Firmin ọmọ ìyá rẹ̀, àbúrò tó pọ̀n dàgbà.

"Yéè! Mo gbé o!" Ó fi gàrí sílẹ̀ lórí iná, ó sáré, ìró tú lára rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó fi débẹ̀, wọ́n ti fi táyà kọ́ Firmin lọ́rùn, wọ́n ń da epo sí i lára. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí," ni Firmin ń wí. Pélagie ju ara rẹ̀ lé e lórí.

"Àbúrò mi ni! Kò jalè! Èmi ni Pélagie, èmi ni mo sọ ọ́, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ!"

Igbe ti gbé ohùn rẹ̀ lọ, ó kàn ń ha ni. Àwọn ará Kpankou tó ká wọn mọ́ ò sì rí ojú rẹ̀ rí, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wọ́ ọ kúrò, ó gbé fóònù sí i létí, ó tẹ̀ ẹ́.

"Gbọ́! Pélagie nìyí. Ìwọ ta ni?"

"Ẹ lù ú," ni fóònù ń wí. Ẹnì kan ṣáná.