Ọ̀dà Pupa ní Ekete

Títí di òní, bí òórùn ọ̀dà bá ta sí mi nímú, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó ń lé mi. Ìmọ̀ nípa àwùjọ ni mo kà ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, láàárín àwọn ẹnjiníà, ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn yóò ti ẹ̀ka wa pa kí n tó gboyè. Bàbá mi, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta irin ìkọ́lé ní Ogunu ní Warri, kì í dárúkọ ohun tí mò ń kà fún àwọn oníbàárà rẹ̀. “Ọmọ mi wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà” ni yóò wí, yóò sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó dùn mí ju bó ti yẹ lọ.

Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn, wọ́n kó mi mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà tó ń wọn ibi tí àgbàrá òjò ń dé lára ilé ní Ekete, kí wọ́n lè mọ ibi tí gọ́tà tuntun yóò gbà. Iṣẹ́ tèmi ni láti bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. “Alága Ìkíni” ni olórí ẹgbẹ́ wa ń pè mí. “Alága Ìkíni, you don greet this wall?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rò pé mo bínú. Mo ní kí a kọ́kọ́ lọ rí àwọn àgbà àdúgbò. Ó ní òjò ti ṣú, kò sáyè ìkíni. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa, ó ń fa ìlà sára ilé láti ojúlé dé ojúlé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ta ni kò mọ̀ ní Warri pé ilé tí katapílà fẹ́ wó ni wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí?

A kò tíì dé òpin òpópónà nígbà tí igbe ta. Ìyá arúgbó kan ti kó ìkòkò àti aṣọ rẹ̀ síta, ó fi okùn dì wọ́n, ó jókòó lé ẹrù náà, ó ń sunkún. Àwọn ọ̀dọ́ yí wa ká. “Na who send una come break our house?” Olórí wa ń ṣàlàyé ìwọ̀n omi, ṣùgbọ́n bó ti ń ṣàlàyé tó ni wọ́n ń sún mọ́ wa tó. Ẹnìkan já garawa ọ̀dà gbà. Bàbá mi máa ń wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Èmi kò rí ìkankan yọ. Mo ń rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò bọ́ sí i, wọn yóò lù wá, wọn yóò sì sọ nílé ẹ̀kọ́ pé ìwúlò ẹ̀ka wa nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà. N kò dárúkọ omi rárá. “Mama, dem don break your house before?”

Ó wò mí. Ó sọ ti ilé tí òun àti ọkọ òun kọ́ létí odò, tí wọ́n fa irú ìlà yìí sí lára, tí ọkọ náà kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn tí wọ́n wó o. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo ṣèlérí pé a ó nu ìlà náà kúrò.

“This one sef dey lie,” ni ọ̀dọ́ kan wí.

“If e no dey lie,” ni ìyá náà dáhùn, “make e sidon with me till the paint comot.”

Mo gbọ́ ohùn ara mi: “I go stay.”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ ra kẹrosíìnì tí a ó fi nu ọ̀dà náà. Olórí wa kò wo ojú mi bó ti ń lọ, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù: bí wọn kò bá padà ńkọ́? Mo jókòó lórí ẹrù náà, ara mi ń gbọ̀n. “You dey shake like generator,” ni ìyá náà wí, ó sì fi abala ìró rẹ̀ kan bò mí léjìká.

Wọ́n padà. Wọ́n nu ògiri títí ó fi ku àbàwọ́n nìkan. Síbẹ̀ ìyá kò gbé ẹrù wọlé. “Na you go loose am,” ló wí. Mo tú okùn náà.

Mo ti gboyè báyìí, iṣẹ́ ni mò ń wá. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni irú ẹ̀kọ́ mi ń ṣe nílé ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀rù á sì mú kí n kólòlò. Nígbà òjò tó kọjá, mo yà kí ìyá náà. Kò sí ẹrù níta, ṣùgbọ́n okùn ọjọ́ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi kọ́ sórí ìṣó. Ó ní òun kò tíì lè jù ú nù. N kò béèrè ìdí. Èmi náà ní ẹ̀rù tèmi tí mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.