Àga Tí Gbogbo Ilé Fẹ́ Jókòó Sí

Ilé tí a ń gbé ní Joju, odó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àkàbà kan, àti ìkòkò ńlá kan tí a fi ń se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ. Gbogbo wọn ló ní ẹni tó ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ní òun ò yáni. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, lọ́la ni wàá se iṣu jinná tí o ò ní rí odó gún un. Èmi ni mo ni odó. Èédú ni mò ń tà níwájú ilé, mo sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àga onítáyà wọ ilé wa, ó yẹ kí n ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọmọ mi ni wọ́n fún ní àga náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, obìnrin. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ti gbé e, ṣùgbọ́n ohun tí ẹsẹ̀ kò ṣe, ẹnu rẹ̀ ń ṣe é. Ìyá rẹ̀, ọmọ tí mo bí, ń ṣe ṣíìfù ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Bó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ dé, oorun ló kù. Èmi ni mò ń pọn ọmọ. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí ilé kéú, mo pọ̀n ọ́n lọ gba abẹ́rẹ́, mo pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbá mi ní orúnkún. Lọ́jọ́ kan ó sọ sí mi létí láti ẹ̀yìn, “Màmá àgbà, ẹ̀yìn yín ń dún bí ilẹ̀kùn.” Òótọ́ ló sọ.

Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n lọ bá àwọn òbí kan tó ń pàdé ní Oju Ore ní Sátidé. Ìyá ọmọ tí kò rìn, ìyá ọmọ tí kò gbọ́ràn, ìyá ọmọ tí gìrì ń gbé, àti baba kan ṣoṣo tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, àmọ́ tó jẹ́ òun ló ń bá gbogbo wa gbé bẹ́ńṣì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ ọmọ kí iṣan má bàa ká jọ. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ nípa iléèwé kan tó ń gba irú ọmọ wa. Olórí àwọn òbí náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bá wa lọ síbẹ̀. Ọ̀gá iléèwé bi ọmọ ní ìṣirò, ọmọ dáhùn kó tó bi í tán. Ó ní òun gbà á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò máa gbé e láti kíláàsì lọ sí ilé ìyàgbẹ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mú àga onítáyà tirẹ̀ wá.

“Mọ́ńdè tí a bá wọlé, aago mẹ́jọ àárọ̀,” ló wí. “Bí mi ò bá rí i, màá fún ọmọ mìíràn ní àyè rẹ̀. Wọ́n pọ̀ lẹ́yìn.”

Olórí wa wá àga títí ó fi rí i. Fúráìdé ló gbé e wá, Mọ́ńdè ku ọjọ́ mẹ́wàá.

Gbogbo ilé ló jáde. Baba onílé ṣàdúà sí i. Ọmọ náà yí àgbàlá po nígbà méje bí ẹni tó dé Mẹ́kà. Ohun kan ṣoṣo tó dùn wá ni pé àga náà kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sùn.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń ta omi tútù ní yàrá kejì sí tiwa dé.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báàgì omi mẹ́ta péré ni. Ẹ jẹ́ kí n fi àga yẹn tì í wọlé.”

Mo rántí pé àná ni mo yá àkàbà rẹ̀. Mo ní kó máa gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, wẹ́dà tó ń gbé yàrá iwájú fi gbé jẹnẹrétọ̀ lọ fún àtúnṣe. Lọ́jọ́ kẹrin, baba onílé fi kó sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá dá a padà, wọ́n á nù ún, wọ́n á dúpẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé abọ́ ẹ̀wà lé e lórí fún wa. Báwo lèèyàn ṣe máa bá irú wọn jà? Ọmọ ọmọ mi wò mí láti orí ẹní, ó ní, “Màmá àgbà, ta ni èmi náà máa lọ bá bí mo bá fẹ́ yá àga mi?”

Wẹ́dà ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ní Wẹ́sìdé, ó ní òun fẹ́ fi gbé irin. Irọ́ ni. Ńṣe ló tì í lófìfo dé ẹ̀gbẹ́ báńkì kan ní Sango, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó jókòó sí i, ó sì ká ẹsẹ̀ jọ. Àwọn tó wà lórí láìnì ní, “Ẹ jẹ́ kí bọ̀dá yìí kọjá o!” Ìyá kan fún un ní bisikíìtì. Wọ́n tì í dé iwájú pátápátá. Inú ibẹ̀ tutù, ara tù ú, ó gbàgbé ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, ó dìde, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ dáhùn.

Ó ní gbogbo orí ló yí sí òun. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ké “Aláhù Akbar!”, tí òmíràn ké “Álíílúyà!”, tí wọ́n sì gbé e sókè.

“Kí ló dé tí o ò sọ òótọ́ fún wọn?” ni mo bi í.

“Màmá, pásítọ̀ kan ti dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Ẹni tó ń sunkún báyẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé láìnì ni mi ò fẹ́ tò?”

Wọ́n tẹ̀lé e wálé. Kò pẹ́ tí èrò fi yí èédú mi ká, wọn ò sì wá wo wẹ́dà mọ́, àga ni wọ́n wá wò. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn jókòó sí i. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú jókòó sí i. Mo sọ fún wọn pé ọkùnrin yìí kò yarọ rí láyé rẹ̀. Wọ́n ní onílé kì í mọ iyì ohun tó wà nílé. Wẹ́dà fúnra rẹ̀ kígbe pé, “Ẹ gbọ́ mi, ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan!” Wọ́n dáhùn pé, “Kò sì ní ṣe nǹkan kan mọ́ láéláé, àmín!”

Obìnrin kan fọwọ́ kan ọmọ ọmọ mi léjìká lórí ẹní. “Ìwọ náà, fi ìgbàgbọ́ jókòó sí i.”

“Ẹ ṣé, mà,” lọmọ wí. “Ọjọ́ tó dé ni mo ti jókòó sí i. Ó jọ pé ẹsẹ̀ mi ò tíì gbọ́ ìròyìn náà ni.”

Baba onílé fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Lọ́jọ́ kejì ó mú páálí, ó kọ nǹkan sí i, ó kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò kàwé púpọ̀, ọmọ ló kà á fún mi.

“Fúráìdé, lẹ́yìn Jímọ̀, àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Sátidé, ẹsẹ̀ wíwú. Sọ́ńdè, àwọn tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti Ìjókò.” Ó ń fi ojú wá nǹkan. “Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti rí mi. Ìsàlẹ̀ pátápátá. Tọ́sìdé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọmọ tó ni àga.”

Mo lọ bá baba onílé. “Mọ́ńdè niléèwé o. Bí kò bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ó parí nìyẹn.”

“Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti gbààwẹ̀ sí i. Ẹ bá mi pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn nìkan, kó gbé àga lọ ní Túsìdé.”

Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ odó ló ṣe sọ ọ́. Mi ò bá a jà. Ilé rẹ̀ ni, kò sì ṣe wá níbi rí.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni mo ń ṣa èédú tí mo rántí ìyá mi ní Ọ̀tà. Ìta ni odó rẹ̀ máa ń wà, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ahun. Ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọmọ odó ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ gún nǹkan á wọlé, á kí i, á sọ ohun tó fẹ́ gún. Bó bá jẹ́ pé ìyá mi fúnra rẹ̀ ló fẹ́ gún nǹkan, ọmọ odó á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Mo pe wẹ́dà. “Gbé sípánà rẹ wá. Tú táyà kan lára àga yìí.”

“Háà, Màmá! Baba onílé ńkọ́?”

“Ìwọ lo wo ara rẹ sàn. Wá ran ọmọ yìí náà lọ́wọ́.”

Ó tú u. Ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa dè é padà.

Nígbà tó di aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ ti wọ aṣọ iléèwé, ó jókòó lórí ẹní, ó gbé táyà lé itan bí ẹni tó fẹ́ kiri ọjà. Ẹ̀gbọ́n baba onílé wọlé, ó ń mí gúlegúle, ó fọwọ́ ti ògiri. Baba onílé dé ibi àga, ó rí i tó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Màmá! Táyà kejì dà?”

“Odó wà níta,” ni mo wí. “Ọmọ odó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ wọlé kí ẹ kí i.”

Ọmọ Ọ̀tà ni òun náà. Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó mọ ohun tí mo wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹní. “Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí? Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ jókòó díẹ̀.”

Ọmọ tẹrí ba fún ìyá àgbà náà. “Ẹ káàárọ̀, mà. Kí lẹ gùn wá láti títì?”

“Kí ni mo fẹ́ gùn? Ọlọ́kadà ní ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn.”

“Ẹsẹ̀ yín ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.”

“Ó ń dùn mí, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.”

“Tèmi ò dùn mí, kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí, mà: èmi á jókòó, ẹ̀yin á máa tì mí.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Mo de táyà, mo gbé ọmọ jókòó. Ìyá náà di ọwọ́ àga mú láti ẹ̀yìn, a gbéra. Baba onílé tẹ̀lé wa, wẹ́dà tẹ̀lé wa, obìnrin olómi tútù náà tẹ̀lé wa. A ò tíì kọjá mọ́ṣáláṣí tí ìyá náà fi kígbe pé, “Ẹ gbà mí! Orúnkún mi ti fúyẹ́!”

Mo mọ ohun tó fà á. Ẹni tí orúnkún ń dùn, bó bá rí nǹkan gidi dì mú, ìrìn á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àmọ́ mo pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kì í ṣe kí aago mẹ́jọ tó lù lèèyàn ń sọ ọ́.

Ọ̀gá iléèwé dúró lẹ́nu géètì. Ó wo aago rẹ̀, ó wo gbogbo wa. “Èwo nínú yín ni akẹ́kọ̀ọ́?”

Ọmọ nawọ́ sókè. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé kì í ṣe jíjókòó ló ń wo èèyàn sàn, àga títì ni. Baba onílé yí páálí padà, ó kọ orúkọ mìíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba Mọ́ńdè, obìnrin olómi gba Túsìdé nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, wọ́n sì fi Fúráìdé fún wẹ́dà tí nǹkan kan kò ṣe. Orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀. Mo ń ta èédú mi. Táyà kan sì ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lálaalẹ́, ọmọ ló ń sọ fún mi ìgbà tí mo máa mú un jáde.

Ní Sátidé mo ròyìn rẹ̀ fún àwọn òbí ní Oju Ore. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Baba tí kì í sọ̀rọ̀ gbé bẹ́ńṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró níwájú mi.

“Màmá,” ló wí, “sípánà nọ́ńbà mélòó ni?”

Mo ní mẹ́tàlá ni.